Ohun Tí A Bá Nínú Ìwé Ogún Bàbá Wa

Orúkọ ẹnìkan wà tí a kì í dá nínú ilé wa nígbà tí ìyá wa wà láyé. Orúkọ àbúrò bàbá wa tí ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Bí àlejò bá ṣèèṣì béèrè rẹ̀, Màmá yóò dìde bí ẹni fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọbẹ̀ lórí iná. Àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ ìdí rẹ̀. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé nígbà tí Bàbá wa kú ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1984, Bàbá Kékeré ló kó gbogbo ìwé wọn, òun ló ta ilẹ̀ tí wọ́n rà sí Ọ̀yọ́, òun ló sì jẹ owó wọn tó wà ní báńkì. A gbà á gbọ́. Àní bí a bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láàrin ara wa, a kì í pè é ní "wọ́n" bí ọmọ Yorùbá ṣe ń pe àgbà. "Ó" ni a ń pè é, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ẹni. A gbéyàwó, a relé ọkọ, a sọ ọmọ lórúkọ, a kò fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan rí.

Bẹ́ẹ̀, onígbàgbọ́ ni wá. Ọ̀kan nínú wa wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọ̀kan ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dárí jì wá bí àwa náà ti ń dárí ji ẹlòmíràn, ohùn wa a máa ròkè nínú àmín. Ṣùgbọ́n ẹni kan wà tí a ti yọ kúrò nínú àmín náà.

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọdún 2009. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ẹnìkan tó mọ ilẹ̀ Bàbá wa ní Ọ̀yọ́ sọ fún wa pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti wà lórí rẹ̀. Inú wa ru. A dá owó jọ láti gba lọ́yà, a ní a ó pe ẹni tó kọ́lé náà àti ẹni tó tà á lẹ́jọ́. Kí a tó lọ, a ní kí Pásítọ̀ wa gbàdúrà fún wa. Wọ́n gbọ́ gbogbo àlàyé wa, wọ́n sì bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ìwé dà?"

A kò ní ìdáhùn. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ta ohun ìní òkú ní láti gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹnìkan. Ṣé ẹ ti rí ìwé àṣẹ náà? Ta ló tọwọ́ bọ̀ ọ́?" Wọ́n wá rán wa létí ohun tó wà nínú ìwé Ẹ́sírà orí karùn-ún àti ìkẹfà. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ń bi àwọn Júù pé ta ló ní kí wọ́n kọ́ tẹ́ḿpìlì, wọ́n ní ọba Kírúsì ló pàṣẹ rẹ̀. Dáríúsì ọba kò dá ẹjọ́ náà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ní kí wọ́n lọ wá inú ilé tí a ń kó ìwé sí ní Bábílónì, àfìgbà tí wọ́n rí àkájọ ìwé náà nínú ààfin kan ní ìgbèríko Mídíà. Ìwé yẹn ló parí ẹjọ́. Pásítọ̀ ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ lọ wá ìwé ná."

Bí a ṣe wá ìwé náà

Oṣù kẹrin ọdún 2021 ni a múra ìrìnàjò. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ jákèjádò Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lé ní oṣù méjì kí kóòtù tó ṣílẹ̀kùn. Inú bí wa nígbà náà. Lónìí a mọ̀ pé oṣù méjì yẹn ló jẹ́ kí ìbínú wa rọlẹ̀ díẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni a kọ́kọ́ gbà lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti wá. A wọ kóòtù ìbílẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ béèrè bí Bàbá wa ṣe gbéyàwó. A ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, wọ́n sì gba sẹ̀tífíkéètì. Ó ní a ti ṣìnà. Kóòtù ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ogún tí a ń pín ní ìlànà àṣà, ṣùgbọ́n ìwé ìhágún àti ìwé àṣẹ àbójútó ogún tí ìjọba ń fúnni, ilé ẹjọ́ gíga ni ń fún èèyàn. A padà sí Ọ̀yọ́, nítorí ibẹ̀ ni Bàbá gbé kí wọ́n tó kú. Ìyá àgbàlagbà kan nínú ọ́fíìsì níbẹ̀ wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ilé ẹjọ́ gíga ni ibí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì Próbéètì ìpínlẹ̀ wa, Ìbàdàn ló wà. Ẹ má fi owó mọ́tò ṣòfò mọ́."

Ní Ìbàdàn, wọ́n ní kí a kọ lẹ́tà sí rẹ́jísírà, kí a kọ orúkọ olóògbé, ọjọ́ tí wọ́n kú, ibi tí wọ́n gbé, ohun tí a jẹ́ sí wọn, àti ohun tí a ń fẹ́. A ṣe bẹ́ẹ̀, a san owó ìwádìí, a gba rìsíìtì. Wọ́n wo ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ sí fún ọdún 1984. Kò sí. Wọ́n wo 1985. Kò sí. Ọ̀kan nínú wa ti ń sọ pé, "Ṣé ẹ ti rí i? Kò gba àṣẹ kankan. Olè ni."

Àwa ni a jẹ̀bi, kì í ṣe ìwé. Nígbà tí Màmá kó wa kúrò ní Ọ̀yọ́, orúkọ tí Bàbá wa fúnra wọn ń jẹ́ ni ilé ìwé fi ṣe orúkọ ìdílé wa. Òun ni a ń jẹ́ títí dòní, òun ni a sì fi ń wá wọn. A padà sílé, a tú àpótí Màmá, a sì rí ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí Bàbá gbà. Orúkọ ìrìbọmi wọn ló ṣáájú níbẹ̀, orúkọ bàbá wọn ló tẹ̀lé e, wọ́n sì kọ ọ́ ní ọ̀nà tí a kì í gbà kọ ọ́ mọ́, bí àwọn kan ṣe ń fi "h" sínú Ògbómọ̀ṣọ́. A tún wá mọ̀ pé ọdún tí ènìyàn kú kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé nínú ìwé náà, ọdún tí wọ́n gba àṣẹ ni. Nígbà tí a gbé orúkọ yẹn lọ, a rí i lábẹ́ ọdún 1986.

Ohun tó wà nínú fáìlì

Wọ́n gbé fáìlì náà síwájú wa. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ìwé ẹ̀rí ikú Bàbá ló wà lókè. Àkọsílẹ̀ ohun ìní wọn ló tẹ̀lé e: ilé oníyàrá mẹ́rin ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ kan ní Ọ̀yọ́, mọ́tò Fọ́kísì kan, àti ₦1,140 ní báńkì. Orúkọ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí wa, láti orí ẹni ọdún mẹ́rìnlá dé orí àbíkẹ́yìn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìwé ìbúra wà níbẹ̀, orúkọ onídùúró méjì wà níbẹ̀, àti abala ìwé ìròyìn tí wọ́n fi kéde fún gbogbo ayé pé ẹni tó bá ní àtakò kí ó wá wí.

Ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn alábòójútó sí ni ojú wa ti dúró. Ẹni méjì ni wọ́n, nítorí pé níbi tí ọmọ kéékèèké bá ti wà lára ajogún, òfin kì í fi àbójútó lé ẹnìkan ṣoṣo lọ́wọ́. Ìkejì ni Bàbá Kékeré. Èkínní ni Màmá wa.

Ìka ọwọ́ òsì Màmá ló wà níbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ dúdú ketekete. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé a ti ka ìwé náà, a sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá fún un kí ó tó tẹ̀ka. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wa fún ìgbà pípẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ìṣirò tí Bàbá Kékeré kó fún ilé ẹjọ́ wà. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí a tà, ₦3,500. Fọ́kísì, ₦900. Owó báńkì, ₦1,140. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦5,540. Wọ́n wá kọ bí wọ́n ṣe ná an: owó ilé ìwé àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́ta, owó ìdánwò àgbà wọn, owó ilé tí Màmá háyà ní Ìbàdàn, aṣọ ilé ìwé, àti iṣẹ́ abẹ fún ọmọ tó kéré jù. Àbíkẹ́yìn wa fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Àpá náà wà níbẹ̀ títí dòní, a kò sì béèrè rí pé ta ló san owó rẹ̀. Àpapọ̀ ìnáwó jẹ́ ₦5,952. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé owó tí a ná fi ₦412 lé sí owó tó wọlé, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kan sí i: "Mo fi jìn."

Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa lọ fún ọdún mẹ́tàdínlógójì.

A sanwó ẹ̀dà tí ilé ẹjọ́ fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, a sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e. Nínú mọ́tò, láti Ọ̀yọ́ títí a fi wọ Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹni tó mọ ohun tí a ó kọ́kọ́ sọ. Ilé Bàbá wa ṣì wà, òrùlé rẹ̀ ti di tuntun. Bàbá Kékeré ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. A dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, a dárúkọ ara wa. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, "Èwo nínú yín ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún?" Àbíkẹ́yìn wa sún mọ́ wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ bí ẹni ń yẹ ọmọ ọwọ́ wò.

A bi wọ́n ní ohun tó ba àárín àwọn àti Màmá jẹ́. Wọ́n ní lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà ilé ní kí àwọn ṣú Màmá lópó gẹ́gẹ́ bí àṣà, àwọn sì kọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti ránṣẹ́ sí Màmá kí àwọn tó mọ̀. Màmá gbà pé Bàbá Kékeré ló rán wọn wá, pé ilé àti ìyàwó ni wọ́n fẹ́ gbà pọ̀. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe, ojú olè ni Màmá fi ń wò ó. A kò lè bi Màmá mọ́. Opó ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà, ọmọ mẹ́rin wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á. A kò dá a lẹ́bi. Ọ̀kan nínú wa kò tilẹ̀ tíì lè sọ̀rọ̀ yìí kí ó má sunkún.

Ọdún méjì péré ni a fi rí Bàbá Kékeré kí Olúwa tó pè wọ́n ní ọdún 2023. Àwa ni a gbé wọn sin. Ẹ ṣàkíyèsí pé "wọ́n" ni a ń pè wọ́n báyìí.

Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin ará mọ̀

A kọ ìtàn yìí nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ ló ń jà lórí ogún láì rí ìwé kan. Bí ọ̀rọ̀ bá dé bá yín, ẹ rántí nǹkan wọ̀nyí.

Èkínní, ẹ mọ irú ìgbéyàwó tí olóògbé ṣe. Bí ó bá jẹ́ ti ìwé òfin ìjọba, tí kò sì kọ ìwé ìhágún, òfin àbójútó ogún tí ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ti ń lò láti ọdún 1959 ka ìyàwó àti ọmọ mọ́ ajogún. Bí ó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan, àṣà ló máa ń darí pípín rẹ̀, yálà ní ìdí igi, tí a fi ń pín in ní iye ìyàwó, tàbí ní orí ò j'orí, tí a fi ń pín in ní iye ọmọ. Ẹjọ́ tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí lókìkí ni ti ogún Suberu Dawodu, tó kú ní Èkó ní ọdún 1940 láì kọ ìwé ìhágún, tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ fa ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ọdún 1962 kí ó tó parí pé ìdí igi ni àṣà, àyàfi bí olórí ẹbí bá rí i pé orí ò j'orí ló dára jù. Ọdún méjìlélógún ni láti ìgbà ikú rẹ̀!

Èkejì, ẹ kó gbogbo orúkọ olóògbé jọ: ti ìrìbọmi, ti ìdílé, ti ibi iṣẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé ọjọ́un. Ẹ má wá ọdún kan ṣoṣo. Ẹ wo ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ikú.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ lẹ́tà tó mọ́ sí rẹ́jísírà, ẹ so ìwé ẹ̀rí ikú mọ́ ọn, ẹ sì gba rìsíìtì fún gbogbo owó tí ẹ bá san. Ẹ má fi owó sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ilé. Ẹ̀dà tí wọ́n bá fún yín gbọ́dọ̀ ní ìjẹ́rìí ní ìsàlẹ̀ pé ẹ̀dà òtítọ́ ni, pẹ̀lú ọjọ́, orúkọ, ipò àti ìbọwọ́lùwé òṣìṣẹ́ tó fún yín. Bẹ́ẹ̀ ni abala 104 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 wí. Fọ́tòkọ́pì lásán kò tó.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ń fòyà pé ẹnìkan fẹ́ lọ gba àṣẹ ní ìkọ̀kọ̀, òfin gbà kí ẹ fi ìwé ìdènà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Próbéètì, kí wọ́n má lè fún un láì jẹ́ pé ẹ gbọ́.

Ẹ̀karùn-ún, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ayé àwọn bàbá ńlá wa, láti ìgbà tí òfin 1914 ti fi ìdí kóòtù ìbílẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ ránti ilé ìkówèépamọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn fáìlì ọ́fíìsì Ẹkùn Ọ̀yọ́ láyé òyìnbó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà.

Ìwé lè sọnù. Àwa ará Ọ̀yọ́ mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ. Àlùfáà Samuel Johnson tó sìn ní Ọ̀yọ́ kọ ìtàn Yorùbá jálẹ̀, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní òkè òkun, òun sì kú ní ọdún 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó tó tún un kọ láti inú àwọn ìwé tó kù, tí a fi rí i tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ẹ rí i pé àbúrò ló tún ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ṣe. Àwa náà ní irú àbúrò bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, a kò mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ ṣe bí Jeremáyà ti ṣe nígbà tí ó ra oko ní Ánátótì. Ó kọ ìwé rẹ̀ ní ẹ̀dà méjì, ó pe ẹlẹ́rìí, ó sì ní kí Bárúkù fi wọ́n sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín ibi tí ìwé wà àti ohun tó wà nínú rẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ti tẹ̀ka sí ohun kan tí inú yín kò dùn sí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ béèrè nígbà tí ẹni tí ẹ ó bi ṣì wà láàyè.

Ẹni tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ń gbé inú ilé rẹ̀ ní àlàáfíà. A ti lọ kí i. Owó tí a dá jọ fún lọ́yà ni a fi ra ojú gíláàsì tuntun fún Bàbá Kékeré, a sì fi ìyókù san owó tí wọ́n jẹ sílé oògùn. Ó lé díẹ̀ ní ₦412.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a fi irọ́ jogún. Àmín.